Bíréèkì Kì í Ṣàdédé Já: Ohun Tó Yẹ Kí Ìyá Ẹlẹ́ja Wò Kó Tó Kó Ẹrù Sínú Tírélà

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Àwọn ará Ìlàjẹ mọ òwe yìí dáadáa, nítorí etí omi tí alákàn ń gbé ni àwọn náà ń gbé. Kí ìyá ẹlẹ́ja kan ní Ayétòrò, Ugbónlà tàbí Àwòyè tó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sọ́jà Ìgbòkòdá, á kọ́kọ́ wo ìdí ọkọ̀ náà. Ṣé omi ò máa wọlé? Igbá tí wọ́n fi ń gbọ́n omi dà? Ẹ́ńjìnnì ńkọ́, ṣé ohùn rẹ̀ já gaara? Ẹrù yìí ò ti pọ̀ jù báyìí? Bí ọ̀kan nínú rẹ̀ ò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á pariwo, kò sì sí ọlọ́kọ̀ tó máa bi í pé kí ló kàn án níbẹ̀. Ẹ̀mí rẹ̀ ló kàn án.

Ṣùgbọ́n jẹ́ kí ìyá kan náà gúnlẹ̀ sí Ìgbòkòdá. Jẹ́ kó di ẹja gbígbẹ àti edé rẹ̀ tán, kó wá kan ọ̀rọ̀ mọ́tò tó máa gbé e lọ sí Oǹdó, Àkúrẹ́, Ìkàrẹ́ tàbí Èkó. Gbogbo ọgbọ́n ojú omi yẹn á fò lọ pátápátá. Owó nìkan ni òun àti dírẹ́bà máa jọ sọ. Wọ́n á ná an síwá, wọ́n á ná an sẹ́yìn, wọ́n á gbà. Ẹrù á wọlé, àwọn ọlọ́jà kan á tún gun orí ẹrù jókòó, ó di ojú ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó béèrè pé, "Dírẹ́bà, bíréèkì ńkọ́?"

Bí ohun tí a kò fẹ́ bá wá ṣẹlẹ̀, wọ́n á ní bíréèkì ṣàdédé já. Wọ́n á ní ọwọ́ ayé ni. Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Bíréèkì ọkọ̀ ńlá kì í sábà já láìjẹ́ pé ó ti sọ tẹ́lẹ̀. Á ti pariwo, á ti rùn, á ti rú èéfín, nígbà mìíràn fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Àwọn tó wà nítòsí ni kò dá a lóhùn. Ẹni tó ní etí, imú àti ojú lè mọ̀ ọ́n, kò dìgbà tó bá kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì.

ILẸ̀ PẸRẸSẸ Ń TAN ÈÈYÀN

Ohun kan wà tó yẹ kí àwọn tó ń kẹ́rù láti Ìgbòkòdá mọ̀. Ilẹ̀ etí òkun pẹrẹsẹ ni. Láti Ìgbòkòdá dé Òkìtìpupa, títí dé Òrè, kò sí òkè gíga kan tó máa dán bíréèkì wò. Mọ́tò tí bíréèkì rẹ̀ ti rọ lè máa rìn níbẹ̀ fún oṣù púpọ̀. Dírẹ́bà á máa fi gíà fà á dúró, á máa yára gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí epo, gbogbo èèyàn á sì máa rò pé mọ́tò gidi ni.

Ọjọ́ tí mọ́tò yẹn bá kọrí sí Àkúrẹ́, tó gba Ọ̀wọ̀ kọjá, tó wọ ilẹ̀ Àkókó tí òkè pọ̀ sí, ọjọ́ yẹn ni àṣírí máa tú. Àwọn ará Akùngbá-Àkókó ò jẹ́ gbàgbé. Ní oṣù Kejìlá, ọdún 2020, ọkọ̀ ńlá kan ya wọ àárín èèyàn nílùú náà, ẹ̀mí sì ṣòfò. Ojú ò tíì gbẹ tí òmíràn fi dé. Ní ọjọ́ 23, oṣù Kìíní, ọdún 2021, tírélà tó kó sìmẹ́ńtì tún já wọ àwọn ṣọ́ọ̀bù tó wà nítòsí Yunifásítì Adékúnlé Ajásin. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà lára àwọn tó bá a lọ. Bíréèkì tó kọ̀ ni wọ́n dárúkọ.

Èkó tí ẹja Ìlàjẹ ń lọ náà rí tirẹ̀. Ní ọjọ́ 28, oṣù Kẹfà, ọdún 2018, bíréèkì tánkà epo kan daṣẹ́ sílẹ̀ nítòsí afárá Ọ̀tẹ́dọlá, lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Epo dà sójú títì, iná sọ, ó lé ní 50 mọ́tò tó jóná lọ́jọ́ náà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wà nínú àwọn mọ́tò yẹn, ilé wọn ni wọ́n ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ wọn.

Etí òkun tún ní ọ̀ràn tirẹ̀. Iyọ̀ tó wà nínú afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ń jẹ irin. Bó ṣe ń jẹ páànù orí ilé, bẹ́ẹ̀ náà ló ń jẹ páìpù, bọ́ọ̀lù àti táǹkì tó wà lábẹ́ mọ́tò. Ọkọ̀ tó bá ń sùn sí Ìgbòkòdá lálaalẹ́ nílò kí wọ́n máa wo abẹ́ rẹ̀ ju ọkọ̀ tó ń sùn sí Àkúrẹ́ lọ.

BÍ BÍRÉÈKÌ ṢE Ń ṢIṢẸ́

Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù kéékèèké ń lo bíréèkì olómi. Bí dírẹ́bà bá fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, omi bíréèkì tó wà nínú páìpù á ti láínìn kó lè di táyà mú. Bí omi yẹn bá ń jò, kò sí ohun tó máa ti láínìn mọ́. Àwọn mọ́tò kan tún wà tó ń lo omi àti afẹ́fẹ́ pọ̀.

Àwọn tírélà àti tánkà ńlá, afẹ́fẹ́ ni tiwọn. Éà ni àwọn mẹkáníìkì ń pè é. Ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ George Westinghouse ló gbé irú bíréèkì alátẹ́gùn yìí jáde lọ́dún 1869 fún rélùwéè, kó tó wá di ti mọ́tò ńlá. Ẹ́ńjìnnì ló ń fẹ́ éà sínú táǹkì. Bí dírẹ́bà bá tẹ bíréèkì, éà á sáré gba inú họ́ọ̀sì lọ sí ìdí táyà kọ̀ọ̀kan, á ti irin kan, irin náà á ṣí láínìn, láínìn á sì fún mọ́ ara dúróòmù. Bó ṣe ń dúró nìyẹn.

Sípíríǹgì líle kan tún wà níbẹ̀ fún àkókò ewu. Éà ló ń dì í mú kó má baà ṣiṣẹ́. Bí éà bá tán, sípíríǹgì náà á tú jáde, á sì gán táyà pa. Ìdí nìyẹn tí mọ́tò ńlá fi máa ń dúró gbagidi sójú ọ̀nà tí kò lè lọ mọ́ bí éà rẹ̀ bá jò tán. Èèyàn lè wá béèrè pé, bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí wọ́n tún ń já? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé sípíríǹgì náà ò lè mú nǹkan kan bí láínìn bá ti jẹ tán, bí dúróòmù bá ti gbóná kọjá ààlà, tàbí bí ẹnì kan bá ti so sípíríǹgì náà pa kí mọ́tò lè máa lọ. Àwọn kan ń ṣe bẹ́ẹ̀.

ETÍ NI KÍ WỌ́N KỌ́KỌ́ LÒ

Kí ẹrù tó wọlé, kí dírẹ́bà tan ẹ́ńjìnnì títí éà fi kún, kó wá pa á. Kí gbogbo èèyàn dákẹ́. Bí wọ́n bá gbọ́ "ṣííííí" lábẹ́ mọ́tò bí ejò tó ń fọn, éà ń jò nìyẹn. Kó tún tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, kó má gbẹ́sẹ̀ kúrò fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Bó bá jẹ́ ìgbà tó tẹ̀ ẹ́ ni ariwo náà bẹ̀rẹ̀, ìdí táyà tàbí họ́ọ̀sì ló ti ń jò.

Géèjì kan wà níwájú dírẹ́bà tó ń fi iye éà hàn. Nínú mọ́tò Amẹ́ríkà bíi Mack, bí éà bá kún, ọwọ́ rẹ̀ máa ń wà láàrin 100 sí 120. Nínú ti Yúróòpù, nǹkan bíi 8 sí 10 ni. Láàrin ìṣẹ́jú kan tí wọ́n fi tẹ bíréèkì yẹn mọ́lẹ̀, ọwọ́ géèjì mọ́tò Amẹ́ríkà kò gbọ́dọ̀ já ju 3 tàbí 4 lọ. Bó bá ń sọ̀ kalẹ̀ kíákíá, kí wọ́n má kó ẹrù sí i. Bí éà bá já dé nǹkan bíi 60, tàbí 5 nínú ti Yúróòpù, ó yẹ kí aago kan máa ké tàbí kí iná pupa tàn. Mọ́tò tí wọ́n ti já wáyà aago yẹn nítorí pé ó ń dí wọn létí, wọ́n ti di alarinkiri tó ń sọ òkùnkùn ní ẹnu nìyẹn.

Lójú ọ̀nà náà, etí ṣì ní iṣẹ́. Bí táyà bá ń han "kíííín" nígbàkigbà tí wọ́n bá tẹ bíréèkì, láínìn ti ń tín-ín-rín. Bó bá di "gùrùgùrù" bí ẹni ń fi irin gún irin, láínìn ti tán, irin ló ń jẹ irin.

IMÚ ÀTI OJÚ

Òórùn bíréèkì tó ń jóná kì í fara pa mọ́. Ó máa ń rùn bíi rọ́bà àti aṣọ tó jóná pọ̀. Bí mọ́tò bá sọ̀ òkè kalẹ̀ tí òórùn yìí bo àwọn tó wà nínú rẹ̀, tàbí tí èéfín ń jáde ní ìdí táyà, kí wọ́n sọ fún dírẹ́bà kó dúró. Iná kì í ṣàìsí níbi tí èéfín bá wà.

Bí mọ́tò bá dúró, kí ọmọ ọkọ̀ rìn yí i ká, kó na ọwọ́ sún mọ́ ìdí táyà kọ̀ọ̀kan, kó má fọwọ́ kàn án o. Bí ọ̀kan bá gbóná ju àwọn yòókù lọ, bíréèkì ibẹ̀ ti há, kò tú sílẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ rèé: bí ọ̀kan bá tutù nini nígbà tí àwọn yòókù gbóná, ewu wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀lẹ ni táyà yẹn. Kò ṣe nǹkan kan, àwọn tó kù ló ń ru ẹrù rẹ̀.

Ojú ló máa rí ọ̀rá tó ń ṣàn ní inú táyà. Bí òróró bá dé ara láínìn, bíréèkì á máa yọ̀ bí ẹja àrọ̀ lọ́wọ́. Ojú náà ló máa rí họ́ọ̀sì tó ti là, tí wọ́n fi rọ́bà tàbí okùn di. Lẹ́yìn orí tírélà, níbi tó ti so mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, họ́ọ̀sì méjì ló yẹ kó wà fún bíréèkì. Bí wọ́n bá ti ká ọ̀kan pọ̀ tí wọ́n fi wáyà so ó, ẹ̀yìn tírélà yẹn kò ní bíréèkì, orí nìkan ló fẹ́ dá gbogbo ẹrù yẹn dúró.

Kí wọ́n tún wo bí mọ́tò náà ṣe ń dúró. Ṣé ó ń fà sí ọ̀tún tàbí sí òsì bí wọ́n bá tẹ bíréèkì? Ṣé dírẹ́bà máa ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin kó tó mú? Èyí tó wá hàn sójú jù ni ti ọmọ ọkọ̀ tó ń gbé igi ìdènà lọ́wọ́. Kò sí ohun tó burú nínú kí wọ́n fi igi há táyà bí mọ́tò bá ti dúró. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ọkọ̀ bá ní láti fò sílẹ̀ kí mọ́tò tó dúró tán, tó ń sáré lọ fi igi há táyà kó má baà yí lọ, igi yẹn ni bíréèkì mọ́tò náà. Ta ló wá fẹ́ fi ẹja àti ẹ̀mí rẹ̀ sí abẹ́ igi?

Ẹ̀BI Ò SÍ LÓRÍ DÍRẸ́BÀ NÌKAN

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé àwọn ọlọ́jà náà ń dá kún un. Ooru ló ń pa bíréèkì. Bí ẹrù bá ṣe wúwo tó, bẹ́ẹ̀ ni ooru tí bíréèkì máa gbé mì ṣe máa pọ̀ tó. Bí mọ́tò bá sì sáré ìlọ́po méjì, ibi tí bíréèkì máa nílò láti fi dá a dúró á di ìlọ́po mẹ́rin. Ìyá ọlọ́jà tó ń bẹ̀ pé kí wọ́n ṣáà fi àpò mẹ́wàá yìí kún un, tó tún ń ké pé, "Dírẹ́bà, tẹná o, ọjà ti ń tú," ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń yọ láínìn.

Dírẹ́bà tó mọṣẹ́ kì í sáré sọ̀ òkè. Kó tó dé orí òkè ló ti ń wọ gíà kékeré, kí ẹ́ńjìnnì lè di mọ́tò mú, bíréèkì á kàn máa ràn án lọ́wọ́ ni. Ẹni tó pa gíà sí fíríì nítorí àtifi epo pamọ́, tó wá gbé gbogbo ẹrù lé bíréèkì lórí, kò pẹ́ tí dúróòmù á fi gbóná débi pé láínìn á máa yọ̀ lórí rẹ̀. Ó lè tẹ̀ ẹ́ títí ẹsẹ̀ á fi kan ilẹ̀, mọ́tò ò ní dá a lóhùn.

Bí dúróòmù bá wá gbóná, kí ọmọ ọkọ̀ má da omi tútù lé e. Irin gbígbóná tí omi tútù bá kàn lójijì máa ń là. Kí wọ́n dúró, kí atẹ́gùn fẹ́ sí i.

Ẹ̀YIN ONÍṢẸ́ ỌWỌ́

Ọ̀rọ̀ yìí kan mẹkáníìkì, wẹ́dà àti fọkanáísà. Fọkanáísà ló máa ń kọ́kọ́ rí ọ̀rá lára táyà tó bá ń tú u. Kó má dákẹ́, kó sọ fún ẹni tó ni mọ́tò. Wẹ́dà tí wọ́n bá gbé dúróòmù tó ti là wá fún pé kó jó o pọ̀, kó dá a padà. Ibi tó jó yẹn ni ooru máa kọ́kọ́ wá. Mẹkáníìkì kò gbọ́dọ̀ pààrọ̀ láínìn ẹsẹ̀ kan kó fi ti ẹnì kejì rẹ̀ sílẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ mọ́tò á máa fà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kí ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ sípíríǹgì bíréèkì má sì ṣí i. Agbára tó wà nínú rẹ̀ lè pa èèyàn lójú ẹsẹ̀.

Iṣẹ́ kan tún wà tí kò gba owó. Láràárọ̀, kí wọ́n máa tú omi tó bá ti dà sí ìsàlẹ̀ táǹkì éà jáde. Omi yẹn ló ń dípatà sínú páìpù, ní etí òkun pàápàá tí afẹ́fẹ́ ti tutù.

TA LÓ NI OWÓ?

Àwọn kan á ní, ẹnu ìyá ẹlẹ́ja ò tó ọ̀rọ̀ yìí. Bó bá béèrè, dírẹ́bà lè ní, "Ìyá, ẹ lọ wo ẹja yín, ẹ fi mọ́tò sílẹ̀ fún mi jàre." Èsì rẹ̀ kò le: "Ọmọ mi, ẹja mi ló fẹ́ wọ inú mọ́tò rẹ, èmi náà sì fẹ́ padà rí àwọn ọmọ mi. Tẹ bíréèkì yẹn ká gbọ́." Ẹni tó lówó lọ́wọ́ ló ni ọ̀rọ̀. Dírẹ́bà tí mọ́tò rẹ̀ dára kì í bínú sí irú ìbéèrè yìí. Á tẹ̀ ẹ́, wọ́n á jọ gbọ́ ọ, ó parí.

Ibi tó le ni pé ẹja ò mọ sùúrù. Bí ìyá kan ṣoṣo bá kọ mọ́tò kan, ẹlòmíràn á kó tirẹ̀ sí i, mọ́tò á sì lọ. Nítorí náà ni kò fi yẹ kó jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnì kan. Kí ẹgbẹ́ ẹlẹ́ja fẹnu kò pé mọ́tò tí wọn ò bá dán bíréèkì rẹ̀ wò kò ní kẹ́rù. Kí wọ́n dá a wò ní ọ̀sán, nígbà tí ilẹ̀ ṣì mọ́ tí wọ́n ṣì lè wá òmíràn. Kí wọ́n san díẹ̀ nínú owó, kí èyí tó kù dìgbà tí ẹrù bá gúnlẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì gun orí ẹrù jókòó mọ́. Òfin ò fàyè gbà á, ẹni tó wà lókè yẹn ló sì máa ń kọ́kọ́ já bọ́.

Àwọn tó ń pàtẹ ọjà sí ìsàlẹ̀ òkè náà, kí wọ́n sún kúrò létí títì. Bí wọ́n bá gbọ́ fèrè mọ́tò ńlá tó ń ké láìdánudúró látorí òkè, kí wọ́n má dúró kó ọjà. Kí wọ́n sá jìnnà sí títì, kí wọ́n má sá kọjá lójú rẹ̀. Bí ìjàǹbá bá sì ṣẹlẹ̀, nọ́ńbà Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ lọ́dún 1988 ni 122, kò gba owó lórí fóònù.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin ìyá wa ní Ìgbòkòdá, ẹ̀yin ni àgbà ọjà. Bí ẹ ṣe ń wo ìdí ọkọ̀ kí ẹ tó kúrò lórí omi, ẹ máa bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ mọ́tò kí ẹ tó kúrò ní gáréèjì. Ẹ kú ọjà, ọjà á tà o.